Gbígba Èrò Àwọn Ará Òṣogbo Jọ fún Àtúnṣe Ìlú: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Àdúgbò

Kò sí àdúgbò kan ní Òṣogbo tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń ni wọ́n lára. Ìyá tí ó ń ta ata ní Ọjà Ọba mọ ibi tí omi òjò ti ń ya wọ ìsọ̀ rẹ̀, awakọ̀ kórópe mọ ibi tí títì ti jẹ, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ sì mọ igun tí ẹ̀rù máa ń bà á láti gbà kọjá nítorí òkùnkùn. Ohun tí a kò ní ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lágbára láti ṣe nǹkan sí wọn, kí èsì sì gba ọ̀nà kan náà padà wá. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, káńsẹ́lọ̀ àti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà náà. Ohun tí ó dá mi lójú, tí yóò sì máa hàn nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ là sílẹ̀, ni pé iṣẹ́ gbígba èrò jọ kò tíì parí títí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yóò fi gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò gba èrò náà

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ pe ìpàdé, tí wọn a béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́, tí wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí ẹ óò bi àwọn ará àdúgbò yẹ kí ó dá lórí ohun tí ẹnìkan lè dáhùn.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sínú Àfikún rẹ̀ kẹrin: ọjà àti ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, kíkó pàǹtírí, sísọ àdúgbò lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà, àti títì, iná ojú títì, ojú àgbàrá àti ọgbà ìgbafẹ́ gẹ́gẹ́ bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là wọ́n kalẹ̀. Èyí fi hàn pé púpọ̀ nínú ohun tí ń dun ará Òṣogbo lójoojúmọ́ wà ní ìkáwọ́ káńsù. Ṣùgbọ́n káńsù méjì ni ó pín ìlú yìí láàárín ara wọn, ìyẹn Òṣogbo, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkè-Baálẹ̀, àti Ọlọ́rundá, tí tirẹ̀ wà ní Ìgbọ̀nà. Ìlú sì ti gbòòrò débi pé ilé ti kan ilé wọ ilẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ káńsù tí òpópónà yín wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà máa jù yín síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ju agbára káńsù lọ. Ilẹ̀ ojú irin tí ó la ìlú kọjá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Omi odò Ọ̀ṣun tí ó dọ́tí nítorí àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ohun tí ó ń dun gbogbo wa, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni òfin fún ní àṣẹ lórí ìwakùsà. Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti wà nínú àkójọ ogún àgbáyé ti UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, láti ọdún 2005, nítorí náà ẹnikẹ́ni tí ó bá dá a lábàá pé kí wọ́n kọ́ nǹkan sí tòsí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ń dáàbò bo ibẹ̀. Ẹ má ṣe pa àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu o. Ẹ gbọ́ wọn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tí ó mú wọn wá pé ọ̀nà tiwọn jìn ju ti ojú àgbàrá lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ẹni tí iṣẹ́ kàn, ẹ lọ bá a kí ẹ tó bá ará àdúgbò kankan sọ̀rọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí alága káńsù tàbí káńsẹ́lọ̀ yín, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gba èrò jọ láti òpópónà báyìí báyìí, ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: òṣìṣẹ́ wo ni yóò gba ìwé náà lọ́wọ́ yín, ìgbà wo ni yóò fún yín lésì, àti iṣẹ́ wo ni káńsù ti ní lọ́kàn láti ṣe ní agbègbè yín lọ́dún yìí. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni tí ó gbà láti dáhùn, ẹ fi iṣẹ́ náà mọ sórí ohun tí àdúgbò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dára kí ẹ béèrè fún ètò ìlànà ìlú tí wọ́n ṣe fún Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UN-Habitat, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, ètò èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2014 títí di 2033, kí ẹ lè mọ ohun tí ó sọ nípa apá ibi tí ẹ ń gbé.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá ni ọdún ìṣúná ìjọba ń kó, apá ìparí ọdún sì ni wọ́n máa ń gbé àbá ìṣúná tuntun lọ síwájú àwọn aṣòfin. Èrò tí ó bá dé nínú oṣù Kọkànlá ti pẹ́ jù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba èrò jọ ní oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, kí ẹ ṣà wọ́n ní oṣù Keje, kí ìwé yín sì ti wọlé kí ọdún Ọ̀ṣun tó kún ìlú ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọwọ́ àwọn ìjòyè àti òṣìṣẹ́ kì í dilẹ̀ mọ́. Lóòótọ́ ni òjò máa ń dí ìpàdé gbangba lọ́wọ́ lásìkò náà, ṣùgbọ́n ìgbà òjò gan-an ni ojú àgbàrá kò lè purọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pààlà, kí ẹ sì mọ ẹni tí a kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti gba èrò gbogbo Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́ọ̀dù kan tó, òpópónà mẹ́rin márùn-ún gan-an sì tó fún ẹgbẹ́ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ rìn yí agbègbè náà ká, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì sàmì sí ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, ibi tí mẹkáníìkì pọ̀ sí, kànga tí gbogbo ènìyàn ń pọn àti ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn tí gbogbo ènìyàn máa ń rántí ni mọ́gàjí, baálẹ̀, ẹgbẹ́ onílé, lemọ́ọ̀mù, pásítọ̀, Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ onímọ́tò. Ẹ lọ kí wọn bí ó ti yẹ, ẹ jẹ́ kí ààfin Àtáọ́ja gbọ́ nípasẹ̀ àwọn ìjòyè tí ó ni agbègbè yín, nítorí iṣẹ́ tí àgbà kò gbọ́ nípa rẹ̀ kì í rọrùn láti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀.

Ẹni tí a máa ń gbàgbé jù lọ ni ayálégbé. Ìpàdé àdúgbò ní ìlú wa sábà máa ń jẹ́ ìpàdé àwọn onílé. Ayálégbé kì í sí níbẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kì í sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ni ilé tí ó ń gbé ni ó jókòó síwájú. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí kànga ilé bá gbẹ, òun àti àwọn méje mẹ́jọ mìíràn ni ó sì jùmọ̀ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó gba yàrá káàkiri ìlú, àwọn ará Sábó tí Haúsá ni èdè wọn, àwọn aláró, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, àwọn opó, àti àwọn tí ẹsẹ̀ tàbí ojú ń dà láàmú, tí gọ́tà tí kò ní ìbòrí jẹ́ ewu fún lójoojúmọ́. Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ yan ẹnìkan tí yóò rí i dájú pé a gbọ́ wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ láàárín ara yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí a ṣe ń béèrè

Bí ẹ bá béèrè pé "Kí ni ẹ ń fẹ́?", títì, iná àti omi ni wọn yóò dá yín lóhùn, nítorí pé ìdáhùn tí àwọn olóṣèlú ti kọ́ wa láti máa fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ káńsù lè fi ṣe. Ẹ béèrè ohun tí ojú ẹni náà rí. Mo fara mọ́ ìbéèrè mẹ́rin yìí, tí ẹ lè tún ṣe kí ó bá ẹnu àwọn ènìyàn yín mu:

Ibo ni ó máa ń nira fún yín jù lọ ní àdúgbò yìí, ìgbà wo ni ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀?
Kí ni ẹ máa ń ṣe sí i báyìí, èló ni ó sì ń ná yín?
Kí ni ẹ rò pé ó fà á?
Bí iṣẹ́ kan ṣoṣo bá wà tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀, èwo ni kí á kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ni wọ́n máa ń sọ ẹ̀sùn di èrò. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Obìnrin kan lè sọ pé omi òjò ń wọ ìsọ̀ òun. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "gọ́tà tuntun" ni ẹ óò béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ni ó fà á, ó lè mú yín lọ wo gọ́tà tí ó ti wà níwájú ìsọ̀ náà, kí ó sì fi hàn yín pé oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ti da kọnkéré bo apá tirẹ̀ kí oníbàárà lè ráyè kọjá, tí kò sì sí ẹni tí ó lè ṣí i kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá tún bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe báyìí, ó lè sọ pé àwọn ń dáwó fún àwọn ọmọkùnrin láti kó o lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n etí gọ́tà ni wọ́n ń kó ẹrẹ̀ náà sí nítorí pé ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wá lọ́jọ́ náà, òjò tí ó bá sì tẹ̀ lé e ni yóò gbá a padà sínú. Ẹ ti ní èrò mẹ́ta báyìí tí owó wọn kò tó ti gọ́tà tuntun: kí a fi pẹpẹ kọnkéré tí ó ṣeé gbé kúrò rọ́pò èyí tí wọ́n dà mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa wá ní ọjọ́ tí àdúgbò bá ń kó gọ́tà, kí gbogbo ìsọ̀ sì máa kó tiwọn ní ọjọ́ kan náà. Ará ìsọ̀ ni ó ni èrò wọ̀nyí. Ẹ̀yin kàn ṣe sùúrù láti béèrè ni.

Kí ẹ tó kó ìbéèrè náà jáde, ẹ fi dán ènìyàn díẹ̀ wò, kí ẹ sì yọ èyí tí kò bá yé wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà

Gbọ̀ngàn ìlú kò burú, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò ní pa ìsọ̀ rẹ̀ tì wá síbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn ọlọ́jà ní ìgbà tí ọjà bá tutù, tí àwọn oníbàárà kò tíì pọ̀. Ẹ bá àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ nígbà tí wọ́n ń dúró de èrò ọkọ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ lemọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti lọ́wọ́ pásítọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ẹ bá sọ pé ẹ ó lò. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í ráyè àfi alẹ́ tàbí ọjọ́ Àìkú. Ní Sábó, ẹ mú ẹni tí ó gbọ́ Haúsá dáadáa dání, kí ó jẹ́ ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ fọkàn tán. Ètò rédíò tí àwọn olùgbọ́ ti ń pè wọlé wúlò fún ìkéde, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní owó ìpè àti ìgboyà nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má sì ṣe kà á sí ohùn gbogbo ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò rí.

Ohun kan tí mo mọrírì jù nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni ìrìn àyíká lẹ́yìn òjò. Ẹ kó àwọn ará òpópónà bí mẹ́jọ sí méjìlá jọ, kí ọkùnrin, obìnrin, àgbà àti ọmọdé wà nínú wọn, kí ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀, kí olúkúlùkù máa dúró níbi tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá dúró síwájú ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ṣubú sí gọ́tà.

Ọ̀wọ̀ fún àgbà jẹ́ ohun rere tí a kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ní bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìpàdé: bí bàbá kan bá ti kọ́kọ́ sọ pé bọ́hòlù ni àdúgbò nílò, ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ sọ pé iná ni kò ní la ẹnu mọ́. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, ẹ gbọ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀, kí obìnrin sì jẹ́ ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè, kí ẹ tó kó gbogbo ilé jọ. Ní ìpàdé gbogbogbòò, akọ̀wé ni kí ó ka ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnìkan ni ó dìde láti ta ko àgbà.

Ẹ má pín owó. Ẹ má sì wọ aṣọ tàbí fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bí ìdìbò bá ti sún mọ́ tòsí, ó sàn kí ẹ sún iṣẹ́ náà síwájú, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá béèrè nígbà náà, ìpolongo ìbò ni àwọn ènìyàn yóò kà á sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kíkọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tó. Ẹ fa ìlà sí i fún ọjọ́, ibi tí a ti gbọ́ ọ, ẹgbẹ́ tí ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà gan-an bí ó ti jáde lẹ́nu wọn, ibi tí ó ń tọ́ka sí lórí àwòrán, àti ẹni tí iṣẹ́ náà kàn. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn. Bí ẹ bá gba nọ́ńbà fóònù kí ẹ lè fún ènìyàn lésì, inú ìwé mìíràn ni kí ó wà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni náà, nítorí pé òfin ìdáàbòbò ìwífún ara ẹni ti ọdún 2023 kò fi àyè gbà á pé kí a gba nǹkan bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ kan kí a sì lò ó fún òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Yíyàn

Èrò yóò pọ̀ ju owó lọ, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yàn, ìyàn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ará àdúgbò. Ní ìlú Porto Alegre ní ilẹ̀ Brazil, ní ọdún 1989, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba ìlú kọ́kọ́ ná owó sí, wọ́n sì tún ń yan aṣojú tí yóò máa bójú tó o. Àwa kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú ìṣúná káńsù wa, ṣùgbọ́n a lè mú ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ lò, ìyẹn ni pé kí gbogbo ènìyàn yàn lójú ara wọn.

Kí ẹ tó yàn, ẹ pín àwọn èrò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí àdúgbò lè ṣe fúnra rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ti káńsù, àti èyí tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀. Ẹ lọ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, ẹ wọn gígùn gọ́tà, ẹ ka òpó iná tí ó ti kú, ẹ sì bi bíríkìlà tàbí oníṣẹ́ iná léèrè ohun tí yóò náni, nítorí ẹni tí ó bá mọ iye ni yíyàn rẹ̀ máa ń ní láárí.

Ní ọjọ́ ìyàn, ẹ to igbá tàbí abọ́ kalẹ̀, ọ̀kan fún èrò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán níwájú rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ fún olúkúlùkù ní hóró àgbàdo mẹ́ta, kí ó lọ pín in sí abọ́ tí ó wù ú. Ẹ lè fún àwọn obìnrin ní àgbàdo funfun kí ẹ fún àwọn ọkùnrin ní pupa, kí ẹ sì kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá rí abọ́ kan tí funfun kún inú rẹ̀ tí pupa kò sì sí níbẹ̀, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó bá borí, ó kéré tán kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbígbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba

Ojú ìwé méjì péré ni kí ó jẹ́. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ń béèrè, ibi tí ó wà gan-an, iye ènìyàn tí ó dìbò fún un, ohun tí ìwádìí yín fi hàn pé yóò náni, àti ohun tí àdúgbò yóò fi kún un, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, iyanrìn tàbí owó. Ẹ fi àwòrán agbègbè mọ́ ọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé lé ẹ̀dà tiyín lórí, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ àti ọ̀kan sí ààfin.

Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan, ẹ padà lọ pẹ̀lú sùúrù. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wà nínú ìṣúná, Òfin Òmìnira Ìwífún ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje ni òfin náà sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ gbé èsì padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń kú. Wọ́n gbọ́ ènìyàn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n gbé e lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Nígbà tí ẹlòmíràn bá tún wá bèèrè èrò lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá tí ó wà ní ìsọ̀ yóò ní òun ti sọ tòun rí, kò ní gbé orí sókè. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá lẹ́yìn ọjọ́ ìyàn, ẹ padà sí gbogbo ibi tí ẹ ti gba ọ̀rọ̀, àní ibùdókọ̀, Sábó àti ìsọ̀ ẹlẹ́rọ ata, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn, ohun tí àdúgbò yàn, ibi tí ìwé dé àti ìgbà tí a ń retí èsì. Nígbà tí káńsù bá dáhùn, ẹ tún padà lọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fún yín, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ kún un láti fi tu àwọn ènìyàn nínú. Èrò tí a kò yàn náà ní ẹni tí ó ni ín, ó sì yẹ kí onítọ̀hún gbọ́ ìdí tí a kò fi mú un lọ́dún yìí àti pé ó ṣì wà nínú ìwé. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ kúkúrú mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, ní Yorùbá, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí a béèrè, ohun tí wọ́n sọ, ibi tí a bá a dé lónìí. Kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pààrọ̀ ìwé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, bí nǹkan kò tilẹ̀ yí padà.

Iṣẹ́ tí àdúgbò lè ṣe fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kọ iye tí wọ́n dá àti iye tí wọ́n ná sí ara ògiri kan náà. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá náà kò gbọ́dọ̀ wà nílé ẹnikẹ́ni. Kí ó wà ní ibi tí alága tuntun àti akọ̀wé tuntun yóò ti bá a nígbà tí ẹgbẹ́ bá yan àwọn olóyè mìíràn, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn èrò tí ó kù sílẹ̀ kí wọ́n tó tún lọ bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tuntun.